Ìbéèrè Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ máa ń ṣèpàdé. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì máa ń lò, nítorí pé òun ló ní bẹ́ǹṣì jù láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn mẹ́rìnlá ló wá. Àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan jókòó sórí ìdì aṣọ, obìnrin kan sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí.

Baba Bọ́tìnnì, alága wọn, dìde dúró. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé bọ́tìnnì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rán mọ́ aṣọ kì í já. Ṣòkòtò nìkan ló sì ń rán. Láti ogójì ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò rán ẹ̀wù kan rí. Bí èèyàn bá bi í léèrè ìdí, á ní, "Mo ti bo ìdajì èèyàn. Kí ẹlòmíì bo ìdajì tó kù."

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ ká sọ lónìí. Ọmọ náà ti lọ láti ọdún kan àbọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan nínú ìlú yìí tí ọwọ́ rẹ̀ ò kàn. Ṣé bí a ó ṣe máa wò náà nìyí?"

Gbogbo wọn ní rárá o. Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka to òwú sínú agolo, ó ń kó funfun sápá kan, ó ń kó dúdú sápá kejì.

Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ bí ni Abẹ́rẹ́. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ náà tín-ín-rín láti kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú, àwọn aládùúgbò bá sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ìyá rẹ̀ jáde lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ aṣọ, ìgbà tó máa fi dé, ọmọ ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ wómúwómú. Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí. Ọmọ ní kó fara balẹ̀. Nígbà tó fi máa tò ó padà tán, ẹ̀rọ náà ń lọ wẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ọ̀tì méjì sì ṣẹ́ kù nílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí nọ́ọ̀tì méjì ọ̀hún ti jáde títí dòní.

Láti ìgbà náà ló ti di oníṣègùn ẹ̀rọ. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, àpò irinṣẹ́ á wà léjìká. Bó bá wọlé, kò ní kọ́kọ́ bá oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ rárá, ẹ̀rọ ni yóò gbọ́wọ́ lé, á ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá yíjú sí ẹni tó ni ín: "Ó ti tó ìgbà wo?"

Bí ẹni náà bá ní ó ti tó oṣù mẹ́ta, Abẹ́rẹ́ á pòṣé. "Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń gbọ́ igbe rẹ̀ tẹ́ ẹ dákẹ́! Bó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ kúkú máa pè mí."

Ohun tó ń dun ìyá rẹ̀ jù nìyẹn. Ọmọ tó mọ igbe ẹ̀rọ ò ka igbe ara tirẹ̀ sí. Ó ń rù, wọ́n ní Abẹ́rẹ́ kúkú ni, ta ló ti rí abẹ́rẹ́ tó sanra? Ara ń yún un, wọ́n ní ọṣẹ ni. Kókó kékeré kan yọ lọ́rùn rẹ̀, kò dùn ún, ó fi sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní àrùn jẹjẹrẹ ni, ó ti kúrò lọ́rùn, ó ti wọ àyà, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tó kú.

"Èrò mi rè é," ni Baba Bọ́tìnnì wí. "Kí a fi sìmẹ́ńtì mọ ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan sí oríta. Kó ga ju èèyàn lọ. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára."

"Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni àbí ẹlẹ́sẹ̀?" ni ẹnì kan béèrè.

"Ẹlẹ́sẹ̀ ni!"

"Rárá o, ọlọ́wọ́ ló gbayì. Ti ẹlẹ́sẹ̀ á gba gbogbo oríta tán, ibo ni ọkọ̀ á gbà?"

"Ẹyẹ á kàn máa yàgbẹ́ sí i lórí ni," ni obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wí.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ ò gbàgbé ọmọ mi, Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín. Ẹ jẹ́ n lọ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ná."

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá Abẹ́rẹ́ ń ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọ̀ yíǹkì dúdú kì í sì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ròyìn ẹ̀rọ sìmẹ́ńtì fún un, ó ro ọ̀rọ̀ náà títí.

"Ṣé ẹ̀rọ náà á máa ránṣọ?" ló béèrè.

"Báwo ni sìmẹ́ńtì á ṣe ránṣọ, Bàbá Abẹ́rẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ kórìíra ẹ̀rọ tí kì í ṣiṣẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Bó bá kọjá níbẹ̀, àfi kó tú u." Ó fa búrẹ́dì rẹ̀ ya, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, àmọ́ ohun tí àwọn lè ṣe dípò rẹ̀ ni kò hàn sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ ìkẹyìn Baba Bọ́tìnnì ni Tíṣà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nítorí pé bàbá rẹ̀ kì í rán ẹ̀wù, ọ̀dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́ ló ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì láti kékeré.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fi yíǹkì ba gbogbo èyí tí mo ní jẹ́."

"Tíṣà mi! Dúró dáadáa, kí n wọ̀n ọ́. Má nara sókè bẹ́ẹ̀, mi ò gba ọ́ sí ṣọ́jà."

Ó fa téèpù yọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó ṣí ìwé ìwọ̀n. Ojú-ìwé Tíṣà wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó wọn àyà: íǹṣì mẹ́rìndínlógójì. Ti èṣí, méjìdínlógójì. Ó wọn ìbàdí: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ti èṣí, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó rò pé òun ṣì í wọ̀n, ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

Ó wá fi téèpù yí ọrùn rẹ̀ ká fún kọ́là. Ti èṣí, mẹ́rìnlá àbọ̀. Ti òní, mẹ́rìndínlógún.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wọn èèyàn. Bí èèyàn bá sanra, gbogbo rẹ̀ ló ń sanra. Bó bá rù, gbogbo rẹ̀ ló ń rù. Èwo ni ti ìbàdí tó ń dín kù tí ọrùn ń pọ̀ sí i? Lábẹ́ téèpù, lápá òsì, nǹkan kan le bí ẹyin ẹyẹ.

"Tíṣà, kí nìyí?"

"Ìyẹn? Ó ti pẹ́ níbẹ̀, Màmá. Kò dùn mí."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó tó oṣù méjì. Bóyá oṣù méjì àbọ̀."

"Kí ló dé tó o rù tó báyìí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì mi, Màmá. Wọ́n ti jẹ ẹran ara mi tán."

Kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ṣé o máa ń làágùn tó o bá sùn?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ló sọ fún yín? Àfi kí n yọ aṣọ ibùsùn sá lójoojúmọ́. Mo rò pé ooru ni."

"Ooru wo? Nínú òtútù tó mú láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ó ní kí ọmọ náà jókòó ti òun. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní bàbá Abẹ́rẹ́ pàápàá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ kan náà wá bá mi pé ó ń tú lára òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín in. Ọwọ́ mi yìí náà ni, pẹ̀lú téèpù yìí. Mo rí i pé íǹṣì ń lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò béèrè ibi tó ń lọ."

Ọwọ́ Tíṣà rọra lọ sí ọrùn ara rẹ̀.

"Mi ò ní rán ṣẹ́ẹ̀tì yìí fún ọ, ọmọ mi, àfi tó o bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi. Màmá mi ò sí nílé, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́mọ. Bàbá nìkan ló wà nílé, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe rí, ìdààmú á bá wọn."

"Wàá sọ fún un fúnra rẹ. Mo fún ọ di ọ̀la. Bó o bá sì kọ̀ tí o ò lọ, ẹsẹ̀ mi á gbé mi débẹ̀."

Bí Tíṣà ti jáde ni obìnrin náà pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì yìí ló tọ́jú Abẹ́rẹ́ títí dópin. Látìgbà náà ni òun àti Ìyá Abẹ́rẹ́ ti mọwọ́ ara wọn.

"Mọ́mì, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe é," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀pọ̀ kókó ọrùn ló jẹ́ pé eyín tàbí ọ̀nà ọ̀fun ló fà á, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò lọ, tí ẹni náà tún ń rù láìnídìí, tó tún ń làágùn lóru, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Ọ̀sẹ̀ yìí ni o, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀."

Ọjọ́ kejì kọjá, Tíṣà ò pè. Ní ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Ìyá Abẹ́rẹ́ ti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sápá kan, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Baba Bọ́tìnnì. Ó bá a tó ń lo áyọ́ọ̀nù sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ooru ń rú túú.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Ṣé ẹ ti rí i bá bàbá rẹ̀ sọ? Ẹlẹ́sẹ̀ àbí ọlọ́wọ́?"

"Alága, ọ̀rọ̀ Tíṣà ló gbé mi wá."

Ó sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀. Ojú Baba Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ọmọ mi ò ṣàìsàn," ló wí. "Iṣẹ́ ló pọ̀. Ọ̀dọ́ ni, kì í jẹun lásìkò. Ìyá Abẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ yín ò tíì tán lára yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wá sí ilé tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà gún obìnrin náà dénú egungun. Ẹlòmíì ì bá yí padà kó máa lọ, kò sì ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó dúró.

"Alága, ẹ̀yin lẹ ń rán ṣòkòtò rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dín ìbàdí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá?"

Baba Bọ́tìnnì yíjú sí tábìlì. Ó wo ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ló wí. "Rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Èkẹta ló wà lórí tábìlì yìí."

Ọkùnrin náà yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò rí rí. Ilé ẹ̀kọ́ ló forí lé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì títí ọmọ rẹ̀ fi rí i. Wọ́n ní kò wí ju, "Tíṣà, ó yá, bá mi kálọ," àwọn ọmọ kíláàsì sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán sọ ohun tí kókó jẹ́. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi dúró de èsì. Baba Bọ́tìnnì ní ọjọ́ méjìlá náà gùn ju ogójì ọdún tí òun ti fi ń ránṣọ lọ.

Jẹjẹrẹ ni. Irú èyí tó pa Abẹ́rẹ́ gan-an.

"Ṣé yóò kú?" ni bàbá béèrè. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ kan Tíṣà mú, bàbá di èkejì mú.

Nọ́ọ̀sì fa àga súnmọ́ wọn. "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò sì ní dẹ́rù bà yín. Mi ò lè búra. Àmọ́ ọrùn nìkan ló ṣì wà, kò tíì rìn. Irú èyí, tí a bá tètè rí i, tí aláìsàn sì gba ìtọ́jú rẹ̀ pé, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sàn. Ẹ má jẹ́ kó pa ọjọ́ ìtọ́jú kankan jẹ. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró lágbede méjì nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹ má sì gba àgúnmu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì bi wá léèrè."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ foríjì mí. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ fún Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan nínú mi ń béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe tèmi."

"Mọ́mì, kò sí ìyá tí kò ní béèrè bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo dín aṣọ náà."

"Ẹ dín in nítorí ẹ ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún yín rí. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ ti mọ̀, ẹ sì béèrè. Ta ló sọ fún yín kẹ́ ẹ béèrè? Ṣé kì í ṣe Abẹ́rẹ́ ni?"

Obìnrin náà sunkún níbẹ̀, ní kọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì sì dúró tì í títí ó fi nu ojú. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ nípàdé.

Oṣù mẹ́fà ni Tíṣà fi gba oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára. Irun rẹ̀ re tán. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ya ogójì fìlà sórí bébà, wọ́n kó o ránṣẹ́, wọ́n ní kó máa pààrọ̀ wọn. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ṣe ohun tí gbogbo ìlú fi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ó rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rán an fẹ̀, kó má baà máa ha ibi tí abẹ́rẹ́ oògùn wà. Apá òsì gùn ju tọ̀tún lọ ní íǹṣì méjì gbáko, kọ́là rẹ̀ sì wọ́ sẹ́yìn. Tíṣà wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwòsàn, ó wọ̀ ọ́ bọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ aránṣọ rí i, wọ́n bẹ alága wọn pé kó jọ̀ọ́ kó padà sídìí ṣòkòtò.

Ìpàdé oṣù tí èsì àyẹ̀wò Tíṣà dé gan-an ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀," ló wí. "Ẹ wò ó, dókítà kì í rí ẹni tára rẹ̀ dá. Àwa là ń rí wọn. Àwa la fi téèpù yí wọn ká lọ́dọọdún, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí íǹṣì bá lọ, àwa la kọ́kọ́ ń mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi rántí ọmọ mi ni pé kẹ́ ẹ béèrè."

Bàbá Abẹ́rẹ́, tí kì í wá sípàdé, dìde lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìdì bébà lábẹ́ apá. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ojú-ìwé kan ni, tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé ìwọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀:

"Oníbàárà wa, bí o bá ń rù tí o ò mọ ìdí rẹ̀, bí kókó kan bá wà lára rẹ tó ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, bí òógùn bá ń rin aṣọ ibùsùn rẹ lóru, bí àárẹ̀ bá mú ọ tí ìsinmi ò wò ó, sọ fún wa, kí o sì lọ rí dókítà. Abẹ́rẹ́ ló ní ká bi ọ́."

Wọ́n gbà á láìjiyàn. Baba Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá kọ́ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó kìlọ̀ fún wọn dáadáa. "Ẹ ò di dókítà o! Ẹ má máa wá kókó kiri lára èèyàn, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Ẹ béèrè, ẹ gbà á níyànjú, ẹ dákẹ́. Ohun tí oníbàárà bá sì sọ fún yín, kó má kọjá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

Àṣìṣe ò ṣàìwáyé níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ìbàdí rẹ̀ ti dín ní íǹṣì mẹ́ta, aránṣọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú aránṣọ náà. Obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ẹ gbà mí o! Oṣù márùn-ún ni mo fi ń sáré láràárọ̀ nítorí íǹṣì mẹ́ta yìí, ẹ wá ń bá mi kẹ́dùn!"

Ọdún mẹ́ta ti kọjá báyìí. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni àwọn aránṣọ ti bi léèrè tí wọ́n sì ti lọ rí dókítà. Mẹ́tàlá nínú wọn, nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni, wọ́n gba oògùn, wọ́n sì padà sílé. Ọ̀kan ní àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀ pé òun ní. Méjì ní ikọ́ ife, wọ́n sì ti wò wọ́n sàn. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ní jẹjẹrẹ, wọ́n tètè rí i, ó sì wà lẹ́nu ìtọ́jú. Ó ti kọ̀wé sí Ìyá Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ara Tíṣà ti dá. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí dókítà bá ní kó wá. Irun rẹ̀ hù padà, ó ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ kíláàsì kan sì bi í bóyá wọ́n ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún irun òun náà.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń gún un, kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà tuntun kan ka ojú-ìwé náà, ó béèrè pé, "Màmá, ta ló ń jẹ́ Abẹ́rẹ́?" Obìnrin náà fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó sì fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibi nọ́ọ̀tì méjì.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò ṣòro. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn àgbàlagbà nìkan, ó ń mú ọ̀dọ́ náà. Kì í fi gbogbo ìgbà dunni nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ẹ má fi àìdùn sọ pé kò sí nǹkan. Kókó tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, rírù láìnídìí, òógùn tó ń rin aṣọ ibùsùn, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ara yíyún tí kò dáwọ́ dúró, àárẹ̀ tí oorun ò wò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá sì jẹ́ òun, ọ̀tọ̀ ni kí a tètè rí i, ọ̀tọ̀ ni kí ó ti rìn jìnnà.

Bí ọ̀dọ́ kan bá ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sunkún rẹ̀, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má sunkún. Bó bá wá di pé ẹ fẹ́ ohun tí ẹ ó fi máa rántí rẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ lè máa ṣe fún àwọn tó wà láàyè: ojú-ìwé kan, ọjọ́ àyẹ̀wò kan lọ́dún, tàbí ìbéèrè kan ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bi ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín léèrè bí wọ́n ṣe lè ràn yín lọ́wọ́. Inú wọn á dùn láti kọ́ yín.

Bí ẹnì kan bá sì wà nítòsí yín báyìí, tí ẹ ti ń wò ó pé aṣọ ń tú lára rẹ̀, ẹ pè é lónìí, kẹ́ ẹ bi í léèrè. Bó bá ní ẹ̀rù ń ba òun láti dá lọ, ẹ bá a lọ.